Ta Ló Pe “Goa'uld” Bó Ṣe Yẹ? Ìdáhùn sí Òǹkàwé Kan ní Àgbádárìgì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àwa bíi mẹ́fà la máa ń kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajárá, ní Àgbádárìgì, lálẹ́ Sátidé láti wo Stargate SG-1, eré onísáyẹ́ǹsì orí tẹlifíṣọ̀n. Ìjà ti wọ̀ ọ́ báyìí. Àwọn aràn burúkú inú eré náà, Goa'uld, ẹnì kan nínú wa ń pè wọ́n ní “Gúùlù”, ẹlòmíràn ní “Go-a-úùlù”, àwọn òṣèré gan-an kì í sì í pè é bákan náà. A ti jà lórí bí a ṣe ń pe Data, ọkùnrin ẹ̀rọ inú eré Star Trek, náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi ní “Fọ́kàn” fún Vulcan, orúkọ ẹ̀yà kan nínú Star Trek, wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí ó fi dìde lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ èdè láti ọjọ́ yìí, ta ló tọ̀nà nínú wa?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ tí ẹ ti lọ́ pọ̀ mọ́ra bí okùn. Ọ̀kan ni bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan jókòó fi orí ara rẹ̀ hun. Èkejì ni ti àbúrò rẹ. Màá dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ, ṣùgbọ́n Goa'uld ni màá fi ṣíwájú, nítorí òun ló le, òun náà ló sì dùn jù.

Bí ẹ bá tún ń wò ó, ẹ má fi etí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nìkan, ẹ máa wo ẹnu tó ti ń jáde. Daniel Jackson, onímọ̀ èdè àti ìtàn àtijọ́, sábà máa ń pè é pé: Go-a-úùld, sílébù mẹ́ta. Teal'c náà ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Òun ló jẹ́ olórí àwọn jagunjagun Apophis, ọ̀kan nínú àwọn Goa'uld, kó tó yà sọ́dọ̀ àwọn ará ayé, ọmọ aràn náà sì wà nínú ikùn rẹ̀ gan-an. Sójà ni Jack O'Neill ní tirẹ̀. Kò bá wọn jẹ, kò bá wọn mu, kò ka ìwé wọn, kò sì fẹ́ bọlá kankan fún wọn. Lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà máa ń kúrú di Gúùld. Lójú tèmi, ìyẹn bá ìwà rẹ̀ mu ju kó pè é pé lọ. Àwa náà kúkú mọ̀ ọ́n: olóyè tí a bọ̀wọ̀ fún, a ó pe orúkọ rẹ̀, a ó fi oríkì tì í, ẹni tó jí wa ní ewúrẹ́, “onítọ̀hún” ti tó o.

Nítorí náà, ẹni tó ń sọ Gúùlù láàrin yín ń tẹ̀ lé O'Neill, ẹni tó ń sọ Go-a-úùlù ń tẹ̀ lé Daniel. Eré náà gba àwọn méjèèjì láyè láti 1997 títí di 2007, nínú ìpín 214, kò sì sí ẹni tó lé ẹnì kankan jáde nínú ikọ̀ nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ ò ní kí n là yín níjà, o ní kí n dájọ́. Bó bá jẹ́ pé dandan ni kí n mú ọ̀kan, sílébù mẹ́ta ni mo mú, ìdí mi sì ni àmì kékeré tó wà láàrin ọ̀rọ̀ náà. Àwa tí a kàwé Yorùbá, tí a bá ti rí àmì yẹn, ìpajẹ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Nínú ìwé àtijọ́ àti ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, “l'ójú” ni wọ́n máa ń kọ fún “ní ojú”, “f'ọmọ” fún “fún ọmọ”. Ohun tí àmì náà ń sọ fún wa ni pé nǹkan kan ti ṣubú níbẹ̀, kí a yára kọjá. Ẹni tó bá fi ojú Yorùbá wo Goa'uld, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbé fáwẹ́lì mì, tí yóò sì bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ O'Neill. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èdè ló ń lo àmì yẹn bíi tiwa. Nínú èdè àwọn ará Hawaii, àmì tó jọ ọ́ ń sọ fún ọ pé kí o sé ọ̀fun díẹ̀, kí o tó tún un ṣí. Níbẹ̀, kì í pa fáwẹ́lì jẹ. Ńṣe ló ń dúró sáàrin fáwẹ́lì méjì kí wọ́n má bàa gbé ara wọn mì. Mo rò pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú Goa'uld nìyẹn, nítorí fáwẹ́lì ló wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Nínú Teal'c, kò ríṣẹ́ kankan ṣe. Tí-àlk ni wọ́n ń pè é, a fi í ṣe ọ̀ṣọ́ ni.

Ó yẹ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí inú fíìmù tó bí síríìsì yìí ni ibi tí mo fẹ́ràn jù wà. Lọ́dún 1994 ni fíìmù Stargate jáde. Nínú rẹ̀, Daniel lè ka àkọsílẹ̀ àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ bí ẹni mumi, ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín àwọn tó ń sọ èdè náà, kò gbọ́ ohunkóhun. Ó mọ̀wé, kò gbédè. Obìnrin kan, Sha'uri, ló bá a dé ibi tí àkọsílẹ̀ wà, ó ń ka á sókè fún un, òun náà ń tún un pè, títí tó fi yé e pé fáwẹ́lì ni gbogbo ìṣòro òun.

Ẹni tó kọ ibẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Òótọ́ ni pé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ kì í kọ fáwẹ́lì sílẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì ni wọ́n ń kọ, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹnu ẹni tó ń kà á. Nígbà tí ẹnu yẹn kú, fáwẹ́lì bá a lọ. Àwọn onímọ̀ òde òní kàn ń fi “e” sáàrin kọ́ńsónáǹtì kí ó lè ṣeé pè ni. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pe òrìṣà oòrùn wọn ní Ra, tí àwọn mìíràn ń pè é ní Re. Nínú èdè Coptic, tí í ṣe ọmọ èdè àtijọ́ yẹn, tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì Íjíbítì ṣì ń lò nínú ìjọsìn, “Re” ló sún mọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Onímọ̀ Íjíbítì gidi kan, Stuart Tyson Smith, ni wọ́n pè wá tún èdè náà hun fún fíìmù yẹn.

Mo ti rí ohun tó jọ èyí nínú kíláàsì mi láìmọye ìgbà. Gbé ìwé ìròyìn tí kò ní àmì ohùn fún ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, kó ka “ilu” fún ọ. Ṣé ìlú tí à ń gbé ni àbí ìlù tí à ń lù? Ìwọ tí o gbọ́ èdè, o ti mọ̀ kí ojú rẹ tó kúrò lára ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ yẹn dúró síbi tí Daniel dúró sí gẹ́lẹ́: ó rí egungun, kò rí ẹran.

Ẹ tún wo Apophis fúnra rẹ̀. Ó ń pe ara rẹ̀ ní ọlọ́run Íjíbítì, ṣùgbọ́n orúkọ tó ń jẹ́ yẹn, ẹnu àwọn Gíríìkì ló ti jáde. Apep ni àwọn onímọ̀ ń pe ti Íjíbítì. Anubis náà, Gíríìkì ni. Osiris, Gíríìkì ni. Àlejò ló sọ wọ́n lórúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n lónìí.

Ọmọ Àgbádárìgì ni ọ́, kò yẹ kí ìyẹn yà ọ́ lẹ́nu. Ìtàn tí àwọn àgbà ìlú yín ń sọ ni pé oko ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Agbede ni ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn Ògù fi ń pe ibẹ̀ ní Agbedegreme, oko Agbede. Ó dé ẹnu Yorùbá, ó di Àgbádárìgì. Àwọn Òyìnbó dé sí etí òkun yín, wọn ò ní “gb” lẹ́nu, wọ́n sọ ọ́ di b, wọ́n já “A” iwájú sílẹ̀, ó di Badagry. Àwọn Ògù gan-an ńkọ́? Ẹ̀gùn ni àwa Yorùbá ń pè wọ́n, Ògù ni wọ́n ń pe ara wọn. Ní Mile 2, nígbà tí kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ bá ń ké “Bádágírì, Bádágírì, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o”, mi ò tíì rí ọmọ Àgbádárìgì tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni òun ń lọ.

Mi ò sọ ìyẹn láti fi hàn pé gbogbo rẹ̀ ló rí bákan náà. Agbedegreme, Àgbádárìgì, Badagry: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ẹni tó gbé orúkọ náà àti ibi tó gbé e gbà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́ yóò gbọ́ ìtàn etí òkun yẹn nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa béèrè nígbà tí òṣèré kan bá pe ọ̀rọ̀ lódì nìyẹn: níbo ni ẹni yìí ti pàdé ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé etí ló fi gbọ́ ọ ni, àbí ojú ló fi kà á? Ó ń ṣọ̀tá ọ̀rọ̀ náà ni, àbí ó ń bá a gbé?

Ìṣòro tó wà nínú ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé hun ni pé kò ní abúlé. Bí èmi àti ìwọ bá ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ, a lè wọkọ̀ lọ bá àwọn Ìlàjẹ. Ta ni a ó lọ bá fún Goa'uld? Orí pépà ló ti délé ayé, òṣèré àkọ́kọ́ tó ya ẹnu pè é ló di ìyá àgbà rẹ̀.

Bí ti Data ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọ̀nà méjì ni àwọn Òyìnbó ń gbà pe ọ̀rọ̀ yẹn: “Déétà” àti “Dátà”. Ti Látìnì tí wọ́n ti yá a sún mọ́ Dátà ju Déétà lọ. Àwọn òṣèré náà ti sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé Patrick Stewart, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ pè é ní Déétà nígbà tí wọ́n jókòó ka eré náà, ìyókù sì tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1988, wọ́n wá gbé ìjà yẹn wọ inú eré. Dókítà tuntun kan, Pulaski, dé, ó pè é ní Dátà. Data tún un ṣe fún un. Obìnrin náà bi í pé kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ìdáhùn ọkùnrin ayédèrú yẹn ni pé orúkọ òun ni ọ̀kan, èkejì kì í ṣe orúkọ òun.

Mo dìde lórí àga nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àwa tí a gbà pé orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, tí a ń gbọ́ àwọn àlejò tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ orúkọ ọmọ wa mọ́lẹ̀ láìbéèrè, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá létí. Nítorí náà, lórí Data, mi ò ní fi sáàrin: Déétà ni. Kì í ṣe nítorí pé ó tọ̀nà nínú Látìnì, kò tọ̀nà níbẹ̀. Ẹni tó ni orúkọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ìbátan rẹ kan bá wá láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, tó jẹ́ pé èdè Faransé ló fi kàwé, tó sì ní Dátà, ẹ má bá a jà; “a” Faransé kò mọ “éè” rí.

Ti èdè Klingon, ẹ̀yà jagunjagun kan nínú Star Trek, tún wà tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. James Doohan, tó ń ṣe Scotty, ló ṣẹ̀dá ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ fún fíìmù Star Trek ọdún 1979. Nígbà tí wọ́n ń ṣe èyí tó jáde ní 1984, wọ́n pe Marc Okrand, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ó sọ ọ́ di èdè tó ní gírámà, ìwé atúmọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 1985. Bí òṣèré bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, tí wọn kò sì tún ibẹ̀ yà, Okrand máa ń padà lọ tún èdè náà ṣe kí àṣìṣe yẹn lè bófin mu. Àṣìṣe di gírámà! Ẹ wo èyí náà: nínú èdè yẹn, “Klingon” kọ́ ni àwọn ènìyàn náà ń pe ara wọn. tlhIngan ni, pẹ̀lú ìró kan níwájú tí ahọ́n ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò lè dì mú. Klingon jẹ́ “Badagry” tiwọn.

Ó kù àbúrò rẹ.

Mo fẹ́ kí o ka ibí yìí sókè fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ìró v. Kò ní z, kò sì ní ti ìbẹ̀rẹ̀ “church”. A kì í fi kọ́ńsónáǹtì méjì sáré tẹ̀ léra, a kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. N tó gbẹ̀yìn “Fọ́kàn” yẹn, ńṣe ló ń mú kí fáwẹ́lì gba imú jáde, kì í dá dúró. Tí Vulcan bá dé ẹnu Yorùbá, v yóò di f, l tó dúró níwájú c yóò bọ́ sílẹ̀, ó di Fọ́kàn. Òfin ni àbúrò rẹ tẹ̀ lé láti òkè délẹ̀, kò ṣi ọ̀kankan. Àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín ń kọ́? Kí ni wọ́n ń wò? Fíìmù. Níbo ni l tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn lọ? Lórí kí ni wọ́n ti ń wò ó? Tẹlifíṣọ̀n. Ta ló sọ v rẹ̀ di f? Ohun méjì tí àbúrò rẹ ṣe sí Vulcan, àwọn náà ti ṣe é kí wọ́n tó jókòó. Ohun tí àwọn Òyìnbó ṣe sí gb orúkọ ìlú yín nìyẹn pẹ̀lú, a sì kọ tiwọn sára pátákó ojú títì.

Ọmọ Ògù tó bá wà láàrin yín yóò pe Vulcan láìlàágùn, nítorí èdè rẹ̀ ní v, ó sì ní z. Ó ń sọ Ahoviko, orúkọ àdúgbò kan ní Àgbádárìgì, láti kékeré. Ó ń pe Zàngbétò bó ṣe yẹ nígbà tí àgbà Yorùbá kan ń pè é ní Sàngbétò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò sọ pé ó gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, èdè ìyá rẹ̀ ló fún un.

Àṣìṣe pípè wà lóòótọ́, mi ò sọ pé kò sí. Nínú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1973, òṣèré Jon Pertwee bá ọ̀rọ̀ kan pàdé, “chitinous”, tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ara líle bíi ti èèpo kòkòrò. Ó fi ìró ìbẹ̀rẹ̀ “church” pè é. Ìró yẹn wà lẹ́nu rẹ̀ dáadáa, ìró k náà wà. Ó kàn jẹ́ pé ojú ló fi pàdé ọ̀rọ̀ náà, kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Gíríìkì ló ti wá, níbi tí “ch” ti ń di k. Àwa tí a ń kọ Kírísítì, tí a kì í kọ Ṣírísítì, kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa. Àṣìṣe òǹkàwé nìyẹn, a lè tún un ṣe fún ènìyàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan, kó sì parí. Fọ́kàn kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ohùn ìlú ni.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, olùkọ́ kan máa ń ní kí a dìde pe “chicken” àti “church” níkọ̀ọ̀kan, yóò sì na ẹni tó bá fi ṣ gbé e jáde. Odindi sáà kan ni mi ò fi nawọ́ sókè dáhùn ìbéèrè, kódà nínú ìṣirò, tí mo mọ̀ jù. Kò sí ohun tí pàṣán yẹn kọ́ ahọ́n mi. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló kọ́ mi.

Ìgbà tiwa náà ti dé báyìí. Iwájú, eré onísáyẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ Áfíríkà dá sílẹ̀ tí wọ́n sì bá Disney ṣe, tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2024 ní ìpín mẹ́fà, Èkó ọjọ́ iwájú ló ń sọ nípa rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn lórí. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń wò ó, ẹnì kan yóò máa fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ sílébù kan ṣoṣo mọ́lẹ̀, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ ọ, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ láìní ohùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ní abúlé o. Bí wọ́n bá jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n lè wá béèrè lọ́wọ́ wa, a ó sì dá wọn lóhùn: i ààrin, wá òkè, jú òkè. Ẹni tó bá gbìyànjú tí ohùn rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, mo fẹ́ kí a gbà á bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ gba àbúrò rẹ.

Pè é padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Bí v bá wù ú láti kọ́, kí ọmọ Ògù inú yín jókòó tì í, kó fi hàn án bí eyín òkè ṣe ń gun ètè ìsàlẹ̀ tí ọ̀fun sì ń gbọ̀n; iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bí kò bá wù ú, kó máa sọ Fọ́kàn rẹ̀ lọ, kí ẹ sì tẹ eré náà síwájú.